Ẹ Bi Wá: Fọ́tò Ẹranko Ìgbẹ́, láti Yíyà dé Pínpín

Àsìkò ọyẹ́ ni àwọn ènìyàn wa máa ń rin ìrìn-àjò lọ wo ẹranko jù, ìwé tó sì ń tẹ̀lé e wá sọ́dọ̀ wa kì í yàtọ̀ síra púpọ̀: fọ́tò dúdú, fọ́tò sọnù, fọ́tò dé ọ̀dọ̀ ẹbí kò rí bó ṣe wà mọ́. A ṣa àwọn tó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn, a gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò lára wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi fọ́tò erin tí mo yà ní Yankari, ọgbà ẹranko ìgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ Bauchi, ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Houston lórí WhatsApp. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì 12 sí 8, ó sì jáde bí ohun tí wọ́n da omi sí. Lórí fóònù mi, ó mọ́ kedere. Ṣé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni kò mọṣẹ́ ni? — Olùkàwé, Ìlọrin

Ẹ má bá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wí. WhatsApp ló ti fún fọ́tò náà pọ̀ kí ó tó dé Houston. Ọ̀pọ̀ fóònù ayé ìsinsìnyí ń ya fọ́tò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ píkísẹ́lì 4,000 (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò), tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 3,000. Bí a bá fi ránṣẹ́ bí a ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, WhatsApp á dín in kù títí ìbú rẹ̀ yóò fi jẹ́ nǹkan bí 1,600, kó má baà jẹ dátà. Ojú fóònù kéré, ẹ ò lè rí ohun tó sọnù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pín 1,600 sí íǹṣì 12: píkísẹ́lì 133 péré ló kan íǹṣì kọ̀ọ̀kan. 300 ni àwọn tó ń tẹ fọ́tò ń fẹ́. 200 náà tó fún èyí tí a ó gbé kọ́ sára ògiri. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín kò yẹ kó kọjá íǹṣì 5 sí 4.

Ẹ fi ògidì rẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì. Ẹ tẹ àmì tí a fi ń so nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀ nínú WhatsApp, ẹ yan Document dípò Gallery, ẹ wá fọ́tò náà jáde, kí ẹ fi ránṣẹ́. Kí ẹ̀gbọ́n yín wo bó ṣe tóbi tó: bí ó bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 4 lọ́dọ̀ yín, 4 náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ní kìlóbáìtì 300 làwọn rí, ọ̀nà àtijọ́ lẹ tún gbà. Àmì HD tó máa ń hàn lókè fọ́tò kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sàn ju ti ojoojúmọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun náà ń fún un pọ̀. Fún wíwò ló dára. Ẹ má sì ya screenshot fọ́tò kí ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́. Fọ́tò ojú fóònù yín nìyẹn, kì í ṣe fọ́tò erin.

Bí ó bá jẹ́ iPhone lẹ fi yà á, fáìlì HEIC, irú èyí tí iPhone fi ń tọ́jú fọ́tò, lè dé ọ̀dọ̀ wọn tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ níbi ìtẹ̀wé kò ní lè ṣí. Kí ẹ tó rin ìrìn-àjò tó ń bọ̀, ẹ lọ sí Settings, Camera, Formats, kí ẹ yan Most Compatible, á máa yà á ní JPEG, irú fáìlì tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà lè ṣí.

Ohun kan ṣì kù tí kò sí àtúnṣe fún: bí erin náà bá jìnnà tó jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú fọ́tò ló gbà, píkísẹ́lì 400 ni gbogbo erin yẹn. Bí ẹ bá gé ìyókù dànù kí erin lè tóbi, fọ́tò tó mọ́ kò ní kọjá íǹṣì kan àti díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí igbó àti odò wà níbẹ̀, kí ẹ tẹ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ igbó kan ní ká pa location fóònù wa ká tó ya fọ́tò, kódà fọ́tò ẹsẹ̀ erin nínú ẹrẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà pẹ̀lú wa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀? — Olùkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù kì í ya àwòrán nìkan. Inú fáìlì kan náà ló ń kọ ọjọ́, aago, irú fóònù, àti, bí location bá wà ní títàn, ibi tí ẹ dúró sí gan-an, tí ó lè péye dé mítà díẹ̀. Ẹni tí fáìlì náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ kò nílò ìmọ̀ pàtàkì kankan: á tẹ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ fọ́tò náà, máàpù á sì ṣí. Ẹsẹ̀ erin tútù nínú ẹrẹ̀ sì ń sọ fún apẹran láìgbàṣẹ ju fọ́tò erin lọ, nítorí ó ń sọ ibi tí agbo náà gbà àti ìhà tí wọ́n kọrí sí.

Ní igbó ìpamọ́ Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, erin inú igbó kìjikìji ló wà níbẹ̀, kì í ṣe erin ọ̀dàn bí ti Yankari. Ní 2021 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, kọ́kọ́ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, tí ó sì fi ti inú igbó sí ìpele tó le jù kí ẹ̀dá tó tán pátápátá nínú ìgbẹ́. Nítorí náà, ẹ tẹ̀lé ẹ̀ṣọ́ igbó láìjiyàn.

Lórí iPhone: Settings, Privacy & Security, Location Services, Camera, kí ẹ yan Never. Lórí Samsung, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ lọ sí ètò rẹ̀, kí ẹ pa Location tags. Fọ́tò tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? iPhone máa ń fi Options hàn lókè nígbà tí ẹ bá tẹ àmì pínpín. Ẹ pa Location níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ fáìlì náà, ẹ ṣí Properties, ẹ lọ sí Details, kí ẹ tẹ Remove Properties and Personal Information. Ẹ ní kó ṣe ẹ̀dà tuntun, kí ògidì wà bó ṣe wà.

Ibí yìí ni ìdáhùn yìí àti ti òkè ti kọlu ara wọn, ẹ fara balẹ̀ kà á. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà ojoojúmọ́ lórí WhatsApp máa ń bọ́ location dànù. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document ń gbé e lọ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n ní Houston lè gba Document. Ẹgbẹ́ WhatsApp tí ènìyàn igba wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà á.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ohun tó wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀: pátákó tó ní orúkọ àgọ́, afárá, àpáta tí gbogbo ará àdúgbò mọ̀. Ẹ wo ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. “Erin, ìpínlẹ̀ Ògùn” tó. “Lẹ́bàá odò lẹ́yìn àgọ́, láàárọ̀ yìí” ti pọ̀ jù. Ẹ kúrò níbẹ̀ tán kí ẹ tó gbé ohunkóhun síta. Áàpù iNaturalist, tí àwọn onímọ̀ máa ń bá yín dá ẹranko mọ̀ lórí rẹ̀, ti mọ èyí: fún ẹ̀dá tó wà nínú ewu, ó máa ń fi ibi gidi pamọ́, á sì tọ́ka sí ibikíbi nínú àyíká tó fẹ̀ tó bíi kìlómítà 22 ní ìbú àti òró. Ẹ kọ ibi gidi sínú ìwé ara yín. Á wúlò lọ́jọ́ tí ẹ̀ṣọ́ tàbí onímọ̀ bá béèrè.

Àwọn ọ̀bọ Lekki Conservation Centre ń dààmú mi. Àwọn tó jókòó sórí ẹ̀ka jáde dúdú bí èédú, àwọn tó ń fò sì jáde bí èéfín. Fóònù ni mo ń lò. — Olùkàwé, Ṣúrúlérè

Àìsàn méjì ni, oògùn wọn kò papọ̀. Èyí tó jókòó dúdú nítorí pé ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù ń wo ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó sì ń mú gbogbo nǹkan ṣókùnkùn. Ẹ fi ìka tẹ ara ọ̀bọ náà lójú fóònù, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kó lè dúró síbẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ lọ sókè. Ojú ọ̀run á funfun báláú. Ẹ jẹ́ kó funfun. Fún lékèélékèé nínú oòrùn, ìsàlẹ̀ lẹ ó fà á sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìyẹ́ rẹ̀ á di àbàwọ́n funfun kan ṣoṣo.

Èyí tó ń fò jáde bí èéfín nítorí pé abẹ́ igi ṣókùnkùn, fóònù sì la ojú rẹ̀ pẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè tó, bóyá ìdá kan nínú 30 ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀bọ tó ń fò nílò ìdá kan nínú 500, ó kéré tán. Bí kámẹ́rà fóònù yín bá ní Pro, ibi tí ẹ ti lè yan ètò fúnra yín, ẹ fi shutter (bí kámẹ́rà ṣe ń la ojú pẹ́ tó) sí 1/500, kí ẹ jẹ́ kí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) ga dé 1,600 tàbí 3,200. Fọ́tò á ní wínníwínní díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀bọ á hàn. Wínníwínní ṣeé fara dà, èéfín kò ṣeé tún ṣe. Bí kò bá ní Pro, ẹ pa night mode, nítorí ìyẹn ń to fọ́tò púpọ̀ léra wọn, kí ẹ sì dúró de ìgbà tí ọ̀bọ bá dáwọ́ dúró díẹ̀ kó tó tún fò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dáwọ́ dúró nígbà gbogbo, torí ó ń wo ibi tó fẹ́ fò sí. Yíyà léraléra náà ń ṣiṣẹ́: lórí iPhone ẹ fa bọ́tìnnì ìyàwòrán sí òsì, lórí Samsung ẹ fà á wálẹ̀, kí ẹ dì í mú.

Nípa zoom, 2x, 3x tàbí 5x tí fóònù yín kọ sójú rẹ̀ ni kí ẹ lò, bí ó bá jẹ́ pé ó ní lẹ́ǹsì fún un. Nọ́ńbà tó bá kọjá ti lẹ́ǹsì, gígé lásán ni fóònù ń gé fọ́tò. Ẹ lè gé e fúnra yín nílé. Afárá orí igi ibẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, máa ń mì bí ènìyàn bá ń rìn lórí rẹ̀, nítorí náà ibi ìdúró ni kí ẹ ti ya fọ́tò, kì í ṣe orí okùn. Ẹ tọ́jú ọ̀rá àti oúnjẹ sínú báàgì tó ní síìpù. Ohun tó bá ń dún wọ̀ràwọ̀rà nínú ọ̀rá, oúnjẹ ni lójú ọ̀bọ, á sì já a gbà.

A ń lọ Yankari ní oṣù kejì. Mo ní kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì 300mm. Inú ọkọ̀ la ó wà. Kí ni kí n mú dání? — Olùkàwé, Àkúrẹ́

Ẹ mú ẹ̀wà dání. A ò ṣeré. Ẹ rán àpò aṣọ líle kan, kí ẹ bu bíi kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀ ẹ̀wà sínú rẹ̀ títí yóò fi kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ rán ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ gbé e lé etí fèrèsé ọkọ̀, ẹ tẹ lẹ́ǹsì mọ́ ọn. Bí ó bá kún dẹ́nu, lẹ́ǹsì á máa yí lórí rẹ̀. Àga kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò wúlò nínú ọkọ̀.

Ẹ bẹ awakọ̀ kó pa ẹ́ńjìnnì bí ẹ̀ṣọ́ bá gbà bẹ́ẹ̀; ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ ń kọjá sínú lẹ́ǹsì 300mm, gbogbo fọ́tò á sì rọ̀. Ẹ fi shutter sí 1/500 fún ẹranko tó ń rìn, 1/1,000 fún èyí tó ń sáré, 1/2,000 fún ẹyẹ tó ń fò. Bí ẹ kò bá lè sọ gíláàsì kalẹ̀, ẹ gbé ojú lẹ́ǹsì súnmọ́ ọn gan-an láìfara kàn án, kí ẹ fi aṣọ dúdú bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Oṣù kejì dára: koríko ti gbẹ, omi ti dín kù, odò Gaji sì ni erin àti ẹfọ̀n ń wá mu omi sí. Eruku ọyẹ́ àti ooru ni ìṣòro. Láti bí aago mẹ́wàá àárọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ilẹ̀ gòkè á máa mì lójú, á sì tẹ ìmọ́lẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹranko tó wà ní mítà 200 á rọ̀ lójú fọ́tò, bí lẹ́ǹsì ṣe wù kó wọ́n tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tìtorí èyí gbé lẹ́ǹsì tí nǹkan kan kò ṣe lọ fún alátùn-únṣe. Ẹ jáde ní kùtùkùtù, kí ẹ tún jáde lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ọ̀sán wà fún ìwẹ̀ nínú omi Wikki, tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bí 31°C yíká ọdún. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta nínú eruku. Ẹ má sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní àgọ́ Wikki, nítorí àwọn ìnàkí ibẹ̀ yára ju yín lọ.

Bí erin bá na etí rẹ̀ síta, tó gbé orí sókè, tó dojú kọ ọkọ̀, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀, kí ẹ dákẹ́, kí awakọ̀ ṣe ohun tí ẹ̀ṣọ́ bá sọ.

Ní Richmond Park, London, mo fẹ́ fi fóònù ya akọ àgbọ̀nrín ní oṣù kẹwàá. Wọ́n ní mítà 50 ni kí n jìnnà sí i. Kí ni mo máa rí láti ibẹ̀? — Olùkàwé, Peckham

Ẹ ò ní rí púpọ̀ bí ẹ bá lo lẹ́ǹsì ojoojúmọ́. Ní mítà 50, lẹ́ǹsì yẹn ń gba bíi mítà 70 ilẹ̀ sínú fọ́tò. Àgbọ̀nrín tó gùn ní mítà méjì á wá kéré tó píkísẹ́lì 115 nínú 4,000. Lẹ́ǹsì 5x á sọ ọ́ di bíi 530, èyí tó dára fún ojú fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí súnmọ́ ọn. Oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ni àwọn akọ ń jà nítorí abo, wọn kì í sì yẹra fún ènìyàn lásìkò yẹn. Ẹ dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ wá ibi tí ìkùukùu àti ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ ya òjìji rẹ̀ pẹ̀lú ìwo. Ibẹ̀ ni fóònù ti lè bá kámẹ́rà olówó ńlá dọ́gba.

Àwa mẹ́ta la lọ Maasai Mara ní oṣù kẹjọ, fóònù méjì láti Èkó, kámẹ́rà kan láti London. Nígbà tí a kó fọ́tò pọ̀, kìnnìún ti ń jẹran kó tó di pé ó pa á. — Olùkàwé, Ìbàdàn

Aago kámẹ́rà ni. Fóònù yín yí padà sí aago Kẹ́ńyà fúnra wọn nígbà tí ẹ dé ibẹ̀. Kámẹ́rà wà lórí aago London, tí í ṣe bákan náà pẹ̀lú ti Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, Kẹ́ńyà sì fi wákàtí méjì ṣáájú. Ẹ fi wákàtí méjì kún gbogbo fọ́tò kámẹ́rà. Bí ó bá jẹ́ oṣù kejìlá lẹ lọ, mẹ́ta ni. Ẹni tó bá mọ ExifTool lò lórí kọ̀ǹpútà, ètò tó ń tún ọjọ́ àti aago inú fọ́tò ṣe, kó kọ exiftool -AllDates+=2 *.jpg, lórí ẹ̀dà, kì í ṣe lórí ògidì. Nígbà mìíràn, kí kámẹ́rà ya fọ́tò ojú aago fóònù láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ á hàn gbangba. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ fáìlì lórúkọ báyìí: ọdún, oṣù, ọjọ́, ibi, ẹranko, nọ́ńbà. 2025-08-14_Mara_kinniun_03 á to ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ níbikíbi.

Ọmọ mi pa gbogbo fọ́tò rẹ́ lórí mẹ́mọ́rì kádì. Ṣé ó ti tán? — Olùkàwé, Òṣogbo

Kò tíì tán, bí ẹ kò bá tíì ya òmíràn lé e lórí. Kámẹ́rà kàn yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé àkọsílẹ̀ kádì ni. Àwòrán ṣì wà níbẹ̀ títí tuntun yóò fi gbà á ní ipò. Ẹ yọ kádì náà báyìí. Ẹ lo PhotoRec lórí kọ̀ǹpútà, ètò tó ń wá fáìlì tí a ti pa rẹ́ jáde, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì kó ohun tó bá rí sórí dísíkì mìíràn, kì í ṣe sórí kádì kan náà. Orúkọ fáìlì á sọnù. Ẹ fi ọjọ́ àti aago inú wọn tò wọ́n. Bí ó bá jẹ́ lórí iPhone ni, ẹ wo Recently Deleted. Ó ń dúró fún 30 ọjọ́.

Wọ́n gbé ọ̀bọ kékeré kan tó ní ṣéènì lọ́rùn lé mi léjìká níbi ìgbafẹ́, mo sanwó, mo ya fọ́tò. Ó dára gan-an. Ṣé kí n gbé e síta? — Olùkàwé, Kútọnu

Rárá. Kí ọ̀bọ kékeré tó dé ọwọ́ ènìyàn, ìyá rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pa. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ sì ń mú kí ẹlòmíràn fẹ́ sin ọ̀bọ nílé.

Baba wa jẹ́ ọdẹ nígbà èwe wọn. Bí wọ́n bá rí fọ́tò ẹranko wa, ìtàn á bẹ̀rẹ̀. A fẹ́ tọ́jú rẹ̀ kó má baà sọnù. — Olùkàwé, Ìsẹ́yìn

Nínú gbogbo ìwé tó dé, èyí ló wù wá jù. Ẹ ṣa fọ́tò bíi 12, kì í ṣe 300, kí ẹ tẹ̀ wọ́n ní íǹṣì 6 sí 4 tàbí kí ẹ gbé wọn sójú tẹlifíṣọ̀n. Ojú fóònù kéré fún àgbà. Ẹ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀, nítorí etí wa ń gbójú fò wọ́n, fóònù kì í gbójú fò wọ́n. Ẹ gbé fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ sórí aṣọ tí ẹ ká, bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí ẹnu baba; bí ó bá wà lórí tábìlì lásán, gbogbo ohun tó bá kan tábìlì á dún nínú rẹ̀. Ẹ fi fóònù náà sí airplane mode kí ìpè má baà gé e.

Kí ẹnìkan sọ ọjọ́ àti nọ́ńbà fọ́tò sókè, kí baba wá bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò kan, fáìlì ohùn kan, orúkọ kan náà fún méjèèjì. Ẹ má bi wọ́n pé “Ṣé ẹ ti pa irú èyí rí?” nítorí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ó gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè é ní ìlú yín, kí ló ń jẹ, báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń rí nílẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní agbègbè yín. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì: ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nípa ẹranko tí kò sí ní igbó ìlú yín mọ́. Bí wọ́n bá sun ìjálá ẹranko náà, ẹ má já lù ú. Ìbéèrè lè dúró.

Ìṣẹ́jú 40 tó fún ìjókòó kan. Lọ́jọ́ yẹn náà ni kí ẹ kó fáìlì sórí kọ̀ǹpútà àti sórí dísíkì kan tí yóò wà nílé ẹlòmíràn nínú ẹbí. Kí ẹ tó gbé ohùn baba sínú ẹgbẹ́ WhatsApp, ẹ bi wọ́n léèrè èwo ló lè jáde, nítorí ọdẹ ní ọ̀rọ̀ tó wà fún ọmọ inú ilé nìkan, èyí tí wọ́n bá sì ní kó má jáde, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fódà tirẹ̀ lọ́tọ̀.